"Inú rẹ̀ kàn ń dùn ni, Dókítà": Ìgbà tí ayọ̀ bá di àìsàn

Bí ẹnì kan bá ń sunkún ṣáá nínú ilé, tí kò jẹun, ẹbí máa ń tètè fura pé nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ń dùn jù ńkọ́? Ta ló ń gbé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ sí ilé ìwòsàn?

Ayọ̀ tó kọjá ààlà yìí ni àwa dókítà ń pè ní mania. Ó sábà máa ń jẹ́ apá kan àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ bipolar, èyí tó máa ń gbé èèyàn gòkè, tó sì tún máa ń jù ú sínú ìsoríkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn ló ní bipolar lọ́dún 2019.

Oorun lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lè máà sùn lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí ayọ̀, àmọ́ á rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí mania ń ṣe lè máa sùn wákàtí méjì péré fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má sì rẹ̀ ẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò. Á máa yáwó, á máa nánàákúnàá. Bí ẹ bá ní kó ṣe sùúrù, ìjà ni. Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ti yan àwọn láti gba Nàìjíríà là.

Nígbà tí ayọ̀ náà bá lọ, gbèsè àti ìtìjú ló máa ń ṣẹ́ kù, ìsoríkọ́ tó tẹ̀ lé e sì lè mú kí èèyàn fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá rí wa, wọn kì í sì í mẹ́nu ba ayọ̀ àtẹ̀yìnwá. Ewu ńlá ni, torí bí dókítà bá fún wọn ní oògùn ìsoríkọ́ nìkan, ó lè jí mania padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ròyìn ayọ̀ náà bí ẹ ṣe ń ròyìn ẹkún.

Oògùn wà. Láti ọdún 1949 tí John Cade ti kọ̀wé nípa lithium ní Ọsirélíà la ti ń lò ó. Ó gba kí á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, kí aláìsàn má sì dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú yàrá yín lóru láti rí i pé ọmọ yín kò sùn. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ẹ má sì bá a jó. Ẹ gbé e wá.