Ìgbà Mẹ́ta Àbí Igbá Mẹ́ta?

Bí ojú ìyá àgbà bá ń ṣe bàìbàì, ẹ̀rọ bíi TalkBack orí fóònù Android lè ka ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì sí wọn létí. Àmọ́ ohun tí a bá kọ ló ń kà. Bí a bá kọ "ogun yii, igba meta lojumo" láìsí àmì, ṣé ìgbà mẹ́ta ni àbí igbá mẹ́ta? Oògùn ni àbí ogun?

Ẹ̀yin òbí tó ń ṣe ojú-ìwé fún ẹbí tàbí ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ lang="yo" sínú kóòdù rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé Yorùbá ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe àwòrán. Àwa náà ti ń tún tiwa ṣe.