"A ò ní alukoro níbí": Ìdáhùn tó ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ IT kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Tí àsìkò IT bá ti dé, kò sí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì ní Òwódé nílùú Ọ̀yọ́, tàbí ní agbègbè Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ní í rí wọn. Ọmọkùnrin kan yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa, ọmọbìnrin kan yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, fáìlì á wà lọ́wọ́ wọn, lẹ́tà á wà nínú fáìlì náà. Wọn á kí ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iléèwé wa ló ní ká wá ibi tí a ó ti ṣe IT." Ọ̀gá á gba lẹ́tà, á wò ó lókè, á wò ó nísàlẹ̀, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kọ́. Tí wọ́n bá ti dáhùn pé iṣẹ́ alukoro ni, ìyẹn ohun tí òyìnbó ń pè ní public relations, ìdáhùn tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, a ò ní alukoro níbí o. Ẹ gba Ìbàdàn lọ."

Ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba Ìbàdàn lọ lóòótọ́. Èyí tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó lè gbà á sílé l'Ékòó á kọjá síbẹ̀. Èyí tí kò bá rówó ọkọ̀, tí kò sì rẹ́ni gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á padà síbi tí wọ́n ti ní kò sí alukoro, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà gba òun. Wọ́n á gbà á, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ hàn án, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdáhùn pé kò sí alukoro níbí yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe àwọn ọmọ yẹn nìkan ló sì ń pa lára, ó ń ná àwọn oníṣòwò ìlú méjèèjì lówó ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti wá kò le. Ẹni tí ará ìlú mọ̀ sí alukoro ni ẹni tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórúkọ ọlọ́pàá tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú. Nítorí náà, ọ̀gá tó ní búrẹ́dì tó ń tà, tàbí tó ní iléèwé jẹ́léósinmi, kò rí ohun tí alukoro fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an ni pé kí ẹnì kan máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa òwò yín, kó máa dáhùn ẹ̀sùn kó tó di ohun tí wọ́n ń gbé kiri ọjà, kó sì máa jẹ́ kí oníbàárà tètè gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́. Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ báyìí ni, ó yẹ kí Ọ̀yọ́ jẹ́ ìlú tí yóò mọ̀ ọ́n jù. Àwọn ìlàrí Aláàfin láyé àtijọ́, àwọn tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, orúkọ tí ọba bá sọ wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ọba fẹ́ kí wọ́n gbọ́ níta. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ìránṣẹ́ ti gbọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Láyé òde òní, ọdún 1963 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn alukoro orílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn NIPR, sílẹ̀, ọdún 1990 sì ni òfin fún un lágbára láti máa darí iṣẹ́ náà. Ohun tó tún wá sọ ọ̀rọ̀ IT yìí di kíákíá ni pé lọ́dún 2019, àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ya ẹ̀kọ́ Mass Communication sí ọ̀nà méje, ọ̀kan nínú wọn sì ni iṣẹ́ alukoro. Ọmọ tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ó lè lọ ṣe IT ní iléeṣẹ́ rédíò, kó sì sọ pé òun ti ṣe é, ti wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ alukoro gan-an. Yunifásítì Ajayi Crowther wà l'Ọ́yọ̀ọ́ láti ọdún 2005, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìbánisọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú méjèèjì tó ń kàwé níbòmíràn náà ń wálé wá ṣe IT tí wọ́n bá fẹ́ sún owó oúnjẹ àti owó ilé jẹ. Ibo ni kí gbogbo wọn lọ?

Ẹ jẹ́ ká wo Ògbómọ̀ṣọ́ ná. Gbogbo ẹni tó ń tajà ní Under G àti Adénìkẹ́ ló mọ̀ pé LAUTECH ni ọjà náà. Tí yunifásítì yẹn bá wọlé, ìrẹsì á tà, yàrá á kún, ọlọ́kadà á rówó. Lọ́dún 2016 sí 2017 tí ìyanṣẹ́lódì ti geeti rẹ̀ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí owó oṣù tí wọn kò san, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ebi pa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni ín nígbà náà, ó di oṣù kọkànlá ọdún 2020 kó tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, àhesọ ló máa ń ṣíwájú. Ìyá olóúnjẹ tó bá gbọ́ pé iléèwé ń wọlé lọ́jọ́ Ajé yóò ra àpò ìrẹsì, yóò ra epo, yóò rọ gáàsì. Bí ọjọ́ Ajé bá dé tí ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, owó àjọ ló há sínú àpò ìrẹsì yẹn. Ká ní ẹgbẹ́ àwọn olóúnjẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ IT kan tó ń bá wọn wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, tó ń kọ òótọ́ tó bá gbọ́ ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ alukoro ni. Kò gba ọ́fíìsì kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà tí iná jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Gbogbo ayé ló mọ iye ọjà tó lè wà nínú ọjà bẹ́ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti tún un kọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ọjà bá jó àti ìgbà tí wọ́n bá tún un kọ́, oníbàárà tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá kan fún ọdún 15 kò mọ ibi tí ìyá náà kó ẹrù lọ. Ta ni yóò sọ fún un? Ọmọ méjì tó bá mú ìwé àti bírò, tí wọ́n ń kọ orúkọ oníṣọ́ọ̀bù, ohun tó ń tà, ibi tó wà báyìí àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ fún rédíò, ti ṣe ohun tí owó ìrànwọ́ kò lè ṣe.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a ń fún wọn ṣe. Wọ́n á da ìwé kọ, wọ́n á lọ ra oúnjẹ ọ̀sán fún ọ̀gá, wọ́n á ya fọ́tò ní ọjọ́ ìbí ìyàwó ọ̀gá, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí IT parí, wọ́n á jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní logbook, wọ́n á kọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá á sì buwọ́ lù ú láìkà á.

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ọ̀gá nìkan o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn kò wá iṣẹ́ rárá. Wọ́n á bẹ ọ̀rẹ́ bàbá wọn kó gbà wọ́n, wọn kò ní í yọjú síbẹ̀ mọ́ àyàfi ọjọ́ tí olùkọ́ bá fẹ́ wá wò wọ́n. Àwọn kan ń wá, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ láti àárọ̀. Èyí tó tiẹ̀ le jù ni ti èdè. Iléèwé kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìkéde lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wá tú u sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: "Àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ yìí fi àsìkò yìí fẹ́ kí gbogbo gbòò ó mọ̀ pé..." Kí wọ́n tó sọ ohun tó yẹ kí gbogbo gbòò mọ̀, ìyá alátà tó ń gbọ́ Ajilete FM láti Gambari ti lọ dá oníbàárà lóhùn. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe alukoro ní ìlú méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ lè kọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ lọ́jà, kó fi àmì sí i, kó sì kúrú. Oṣù mẹ́fà l'Ékòó kò ní í kọ́ ọ ní ìyẹn, Akẹ̀sán ni yóò kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ọdún 1973 ni àjọ ITF gbé ètò SIWES kalẹ̀, tìtorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n sì ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, N2,500 lóṣù ni owó tí àwọn tó bá wà lábẹ́ ètò náà ń retí, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó dé. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹ ṣírò ọjọ́ mélòó tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè fi wọ ọkọ̀. Òfin owó oṣù N70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 náà kò kan iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣòro kí ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́yọ̀ọ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25.

Ìjà yìí kì í ṣe ti wa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé fi IT ṣe dandan fún kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó oṣù tí òfin fi lélẹ̀, tí kò bá ti ju ọdún kan lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn méjì tó ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fíìmù Black Swan pe iléeṣẹ́ Fox Searchlight lẹ́jọ́ lọ́dún 2011. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní New York lọ́dún 2015, ìbéèrè tí àwọn adájọ́ ní kí wọ́n máa bi ara wọn ni pé, láàárín ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ àti iléeṣẹ́, ta ló ń jàǹfààní jù? Ìbéèrè yẹn wúlò ní Tákíé náà. Ọmọ tó ń da ìwé kọ lóṣù mẹ́fà, tó ń fi owó bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀, ta ló ń jàǹfààní rẹ̀? Tí ọ̀gá kò bá lè san owó oṣù, ó lè san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló fẹ́ rán an, kó gba ọmọ ọ́fíìsì, kó sì san owó rẹ̀.

Kò sì yẹ kí ìlú Ọ̀yọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti ọdún 1896 tí wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Yunifásítì Ajayi Crowther wà lónìí, títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 àti Emmanuel Alayande tó ti di yunifásítì, ìlú tó ń kọ́ olùkọ́ ni. Kò sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ teaching practice. Wọn kì í ní kí ọmọ tó wá ṣe teaching practice máa gbálẹ̀ kíláàsì. Wọ́n á fún un ní kíláàsì gidi, pẹ̀lú àwọn ọmọ gidi, olùkọ́ rẹ̀ á wá jókòó sẹ́yìn, á máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà á gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tó bá fi máa parí, ó ti mọ̀ bóyá òun lè ṣe olùkọ́ tàbí òun kò lè ṣe é.

Ohun tó yẹ alukoro náà nìyẹn: iṣẹ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ tiẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kùn pé wọ́n ti kó owó àwọn jẹ lè ní kí ó bá akọ̀wé owó jókòó, kó sì kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá tó ṣàlàyé iye tó wọlé, iye tí wọ́n yá jáde àti ẹni tí kò tíì san, kí wọ́n kà á ní ìpàdé. Ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1907, lè ní kó jókòó níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì, kó máa kọ ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè jù sílẹ̀, kó sì fi ṣe pátákó tí wọn á lè kà. Onílé búrẹ́dì lè ní kó pe 50 nínú àwọn tó ti dáwọ́ ọjà dúró lọ́wọ́ òun, kó bi wọ́n ìdí rẹ̀.

Àwọn iléèwé náà ní láti gbà pé ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè ṣe IT, bí kò tilẹ̀ ní lẹ́tà alórí àwọ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ tó bá sì wá wo ọmọ, kó béèrè ohun tí ọmọ náà kọ tàbí tí ó ṣe, kó tó wo òǹtẹ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n ń gbé wá yẹn kì í ju ojú ìwé kan lọ, òfo sì ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ gba ọmọ lọ́dún yìí lè yí i padà, kó kọ ohun kan tó ń dun òun nínú òwò òun síbẹ̀, kó dá a padà fún un, kó ní, "Ọjọ́ Ajé ni kí o wá bẹ̀rẹ̀, eléyìí ni iṣẹ́ rẹ."