Ẹ Sọ Ọ́ fún Ọmọ: Èsì fún Àwọn Tó Ní Kí Òbí Pa Ìgbàṣọmọ Mọ́

Ohun tí Kristẹni, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe fi ẹnu kò lé lórí nílẹ̀ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nìyí: pé bí tọkọtaya bá gba ọmọbìnrin jòjòló ṣọmọ, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ títí ayé. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá mọ̀ ni ìfẹ́ tán, pé yóò kẹ̀yìn sí ẹni tó tọ́ ọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó bí i kiri. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí obìnrin di aṣọ mọ́ ikùn fún oṣù mélòó kan kí ará àdúgbò lè rò pé ó lóyún. Òun náà ló ń mú kí àwọn ìdílé kan ní Èkó kó ẹrù kúrò ní Sùúrùlérè tàbí Muṣin lọ sí Sangotedo tàbí Abijo, torí wọ́n rò pé lẹ́yìn géètì ẹ́sítéètì tuntun, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìgbà tí ìyàwó bímọ. Èrò ibi kọ́ ló wà nídìí rẹ̀, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Mímọ̀ kọ́ ló ń tú àárín òbí àti ọmọ ká. Ohun tó ń tú u ká ni kó pẹ́ kí ọmọ tó mọ̀, kó sì jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá àṣírí náà tilẹ̀ ṣeé pa mọ́. Ẹni tó bá ń gbé láàrin Ikate sí Ajah mọ̀ pé géètì kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó kúrò nílé lágbájá lónìí, ilé tàmẹ̀dò ló ń lọ lọ́la, ohun tó rí sì ń bá a lọ. Dírẹ́bà ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀gá. Ará Sùúrùlérè tí a torí rẹ̀ kó lọ pàápàá ń wá ra nǹkan ní Sangotedo lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ tí a sì gbà lọ́nà tó bófin mu ní ìwé ní kóòtù, ó ní fáìlì lọ́dọ̀ ìjọba. Ká tilẹ̀ ní gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ àti genotype. Bàbá AA àti ìyá AA kì í bí ọmọ AS, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ wà nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì tí WAEC ń ṣèdánwò lé lórí: olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì á sì fi ti bàbá àti ìyá tiwọn ṣe ìṣirò. Bí ọmọbìnrin náà bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ó ku ìgbà ìgbéyàwó, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó láì rí èsì àyẹ̀wò genotype. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ogún ọdún ti pọ̀ jù fún irọ́ Èkó òde òní. Kíláàsì bàọ́lọ́jì kan ti tó láti bá a.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe bóyá yóò mọ̀. Ìgbà wo ni yóò mọ̀, ẹnu ta sì ni yóò ti gbọ́? Ní 2019, Amanda Baden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, tí wọ́n fi bi àgbàlagbà 254 tí a gbà ṣọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ sọ pé ìdààmú ọkàn àwọn pọ̀ ju ti àwọn tó mọ̀ ṣáájú ìgbà náà, ayé kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọdún tí wọ́n dá: mẹ́ta, kì í ṣe méjìdínlógún. Ẹnìkan lè ní Amẹ́ríkà kì í ṣe Ajah, àti pé ẹni tí nǹkan ń dùn ló máa ń yára dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ènìyàn 254 kò lè parí ẹjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní àṣírí ló dára jù náà mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Títí di ìsinsìnyí, ìbẹ̀rù nìkan ló mú wá.

Ìbẹ̀rù náà sì ti ara àwòrán kan wá. Wọ́n máa ń rò ó bí ìjókòó ńlá kan: wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á pe pásítọ̀ tàbí ààfáà, bàbá á wúkọ́, ìyá á máa sunkún, ọmọ á ṣubú lulẹ̀. Wọn kò wo bí ọjọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe ń lọ. Aládùúgbò lóyún, ọmọ rí ikùn rẹ̀, ó béèrè pé, “Mọ́mì, ṣé inú yín ni èmi náà wà tẹ́lẹ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn ju ìbéèrè lọ: “Rárá o, inú ìyá mìíràn lo wà. Èmi àti dádì rẹ wá gbé ọ wálé, o sì di ọmọ wa.” Á ní ó dáa, á béèrè búrẹ́dì. Onídìrí á di irun ọmọ mú, á ní, “Irun yìí mà pọ̀ o, ta ló jọ?” Kò sí ohun tó burú nínú kí ìyá ní òun kò mọ ẹni tó fi irun jọ, ṣùgbọ́n pé irun náà dára, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àárọ̀ láti Ajah títí dé Jakande, tí gbogbo wa ń bú, wúlò níbí ju bí a ṣe rò lọ: ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnìkejì, ìbéèrè tí kò lè jáde nídìí oúnjẹ á jáde níbẹ̀. Ilé-ìwé á ní kí wọ́n ya àwòrán ẹbí. Dókítà á béèrè bóyá ikọ́ fée wà nínú ìdílé. Ìbéèrè dókítà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa, torí ẹni tó bá fi àìsàn tàbí ìlera ìdílé tirẹ̀ dá a lóhùn ti ń ṣi dókítà lọ́nà lórí ara ọmọ. Nínú gbogbo àsìkò wọ̀nyí, òtítọ́ kì í ju gbólóhùn méjì lọ. Irọ́ ló máa ń gùn: ẹni tó ní òun ló bí i gbọ́dọ̀ wá orúkọ ilé-ìwòsàn, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí fọ́tò oyún, ó tún gbọ́dọ̀ kọ́ ìyá àgbà ọmọ ní ohun tí yóò máa sọ.

Wọ́n á ní ọmọ kékeré ni, kò lè yé e. Òótọ́ ni pé kò ní yé e tán. David Brodzinsky, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi hàn láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn pé ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè sọ pé “wọ́n gbà mí ṣọmọ” láì mọ ohun tó túmọ̀ sí, àti pé láàrin ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìbímọ. Èrè rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ tó bá ti ń gbọ́ ọ kó tó yé e kò ní rántí ọjọ́ kankan tí wọ́n là á mọ́ òun lórí, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe lè rántí ọjọ́ tó kọ́ orúkọ ara rẹ̀. Òfin ọmọdé tí Ghana ṣe ní 1998 pa á láṣẹ pé kí òbí sọ ọ́ fún ọmọ, bó bá jẹ́ pé yóò ṣe é láǹfààní, tó bá ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Ó dára pé wọ́n tilẹ̀ fi sínú òfin. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọjọ́ orí tó wà láyé, n kò rí èyí tó burú ju mẹ́rìnlá lọ láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀rù tó tóbi jù ni pé yóò lọ. Kí Mùsùlùmí tó ń sọ bẹ́ẹ̀ rántí Zayd ọmọ Haritha. Ọ̀dọ̀ Ànábì ló ti dàgbà, ó mọ bàbá tó bí i, bàbá náà sì wá a dé Mẹ́kà láti rà á padà. Wọ́n fi ìpinnu sí i lọ́wọ́, ó ní òun kò lọ. Nígbà tó yá, Súrà Al-Ahzab pàṣẹ pé kí a máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pa orísun ọmọ mọ́ kò lè ní ẹ̀sìn ló sọ fún òun. Ti Kristẹni kò yàtọ̀: Módékáì tọ́ Ẹ́sítérì bí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú òbí rẹ̀, ọmọbìnrin náà mọ̀, ó sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu lẹ́yìn tó ti di ayaba. Ní Scotland, láti 1930 ni ẹni tí a gbà ṣọmọ ti lè rí àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá dàgbà. England àti Wales gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òfin 1975. Àwọn kan lọ wá ẹni tó bí wọn, àwọn mìíràn kò yà síbẹ̀, ìgbàṣọmọ kò sì pa rẹ́ ní ìlú wọn. Ká tilẹ̀ sọ pé ọmọbìnrin yín fẹ́ mọ ojú ẹni tó bí i, kí ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ ẹni tó jí lóru ibà rẹ̀, tó sì mọ irú ẹ̀wà tí kò lè jẹ?

Àwọn mìíràn á fi òwe lé e: ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n á ní àṣà wa ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ, ẹni tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, àfi kí a tàn án kó tó lè di tiwa. Àṣà ta ni? Ọmọ tó dàgbà sílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́ ń jẹ, ń mu, ń gba ìbáwí bí ọmọ ilé yòókù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí wọ́n bá ń kì í láàárọ̀, oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń kì. Ìtànjẹ yìí, àlejò ni nílé wa. Bó bá jẹ́ ọmọ tí a kò mọ orílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì sọ pé ibi tí ìmọ̀ yín mọ nìyẹn. Ní ti ìfẹ́, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 láàrin obìnrin 350 tó ń wá ọmọ ní àwọn ilé-ìwòsàn Èkó fi hàn pé ìdá 68.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn lè fẹ́ràn ọmọ tí àwọn gbà ṣọmọ. Ìdá 33.7 péré ló ní àwọn lè gbèrò àtigbà á, torí ọmọ inú ara wọn ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ìfẹ́ kò sí. Òfin náà kò ṣiyèméjì: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ka ọmọ tí kóòtù fún yín sí ọmọ tí ẹ bí nínú ìgbéyàwó, títí kan ogún. Ìwé kóòtù yìí ni yóò gbèjà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìbátan lẹ́yìn ikú yín. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ìwé náà wà, báwo ni yóò ṣe mú un jáde?

Mo fẹ́ kí ẹ tún wo ẹni tó ń jèrè àṣírí. Ní September 2019, ọlọ́pàá kó aboyún mọ́kàndínlógún jáde láwọn ilé kan ní Èkó níbi tí wọ́n ti ń bímọ fún títà. Ìròyìn ìgbà náà ní ₦300,000 ni owó ọmọbìnrin, ₦500,000 ni ti ọmọkùnrin. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń rà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ayé gbà pé òun ló bí ọmọ kò lè fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo ilé òun, kò lè fẹ́ orúkọ nínú ìwé kóòtù. Ọjà yẹn ló kù fún un.

Wọ́n á tún ní àwọn ọmọ ilé-ìwé á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ń fi ẹsẹ̀, etí àti orúkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́ fún ọmọ kì í ṣe kí a kéde rẹ̀ sórí WhatsApp ẹ́sítéètì. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọmọ náà ló ni ín, òun ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò sọ ọ́ fún bó bá dàgbà. Èébú tí ọmọ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ilé kò lè dá a dúró. Èyí tó ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàrin pápá ìṣeré ni yóò gbé sunkún wálé, tí yóò sì bá ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ lórí àga.

Ẹni tó ti pa á mọ́ títí ọmọ fi pé ọdún mọ́kànlá lè ní ó ti pẹ́ jù. Ó pẹ́, kò tíì pẹ́ jù. Kí ọjọ́ tí ẹ máa sọ ọ́ má jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá a wí, kí ó má sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí bàbá àti ìyá jọ wà níbẹ̀, kí ìwé kóòtù wà lórí tábìlì. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ purọ́, kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá bínú, kí ẹ jẹ́ kó bínú. Ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ má jẹ́ nípa ẹni tó bí i rárá, kó jẹ́ pé: “Ta ló ti mọ̀?” Kí ẹ ti ka orúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó: àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò, ìyá àgbà, pásítọ̀, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ má yọ ẹnìkan kúrò.