Wọ́n ti ń ya ewé kí 1975 tó dé: lẹ́tà gbangba sí àwọn tó ń ṣàfihàn àwòrán l'Ékòó

Lẹ́tà yìí wà fún gbogbo ẹni tó ń ṣètò àfihàn àwòrán ní Erékùṣù Èkó. Ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló fà á. Àwòrán náà dára: iṣan ewé, òwú aláǹtakùn àti ìgbì ọ̀sà wọ inú ara wọn débi pé ojú kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Benoit Mandelbrot, onímọ̀ ìṣirò tó sọ ọnà tí ẹ̀yà rẹ̀ kékeré jọ odidi rẹ̀ ní fractal lọ́dún 1975, ni ayàwòrán ti rí i. Kò dárúkọ ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún.

Àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta àti n'Ìbàdàn kò dúró de 1975. Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya ọnà. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, inú ewé ẹ̀lú ni aró ti ń wá, omi eérú ló sì ń jẹ́ kí aró mú aṣọ. Nígbà tí ìyá bá wá ya ewé ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ gan-an ló fi yà á. Ìsokọ́ra wo ni ẹni tó kọ ìwé pélébé yẹn tún ń wá lọ sókè òkun?

Àwọn ayàwòrán wa náà ti tọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1958 ni Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní Zaria. Okeke kọ́ uli, ọnà tí àwọn obìnrin Ìgbò ń yà sára àti sára ògiri, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Grillo ṣe iṣẹ́ sára City Hall, lórí erékùṣù yìí kan náà! Ní 1989, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe àti Bolaji Campbell wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ n'Ífẹ̀. Okediji tọ àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè lọ, ó sì ń fi ohun inú ilẹ̀ ṣe ọ̀dà.

Iṣẹ́ Mandelbrot kì í ṣe kékeré, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ ìwé pélébé náà má ní èrò ibi, kó jẹ́ pé wọ́n kán an lójú ni. Ṣùgbọ́n láti 1999 ni Ron Eglash, ará Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé irú ọnà yìí wà nínú ètò abúlé àti irun dídì ní Áfíríkà. Àlejò rí i, onílé kò rí i.

Kí àwọn tó ń ṣètò àfihàn máa bi àgbà léèrè kí wọ́n tó kọ ìwé ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta àdìrẹ lọ́jà Balógun mọ orúkọ ọnà ara aṣọ wọn. Wọ́n lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.