Láísẹ́ńsì tí o rà kò lè bá ẹ tẹ bíréèkì

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi lónìí. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

2/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àjẹ́ǹtì kan ní kí n ṣáà sanwó, òun á bá mi gba láísẹ́ńsì ọkọ̀. Mo ní mi ò tíì mọ ọkọ̀ wà. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ta ló bi yín léèrè?"

3/ Ọmọ Makoko ni mí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kékeré ti ń tukọ̀ lójú omi. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kó èrò lé ọmọ tí ò mọ àjẹ̀ mú lọ́wọ́. Ṣé torí pé o ra àjẹ̀ láàárọ̀ yìí lo fi di atukọ̀? Gbójú sókè, wo Third Mainland Bridge lórí wa níbí. Mélòó nínú àwọn tó ń sáré níbẹ̀ ló ra àjẹ̀ lásán?

4/ Ọdún 1988 ni wọ́n dá FRSC sílẹ̀ torí ikú ojú títì. Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ò ṣòro: pé ọdún 18, lọ súkùù ìwakọ̀, jẹ́ kí VIO dán ẹ wò, kí o tó gba káàdì.

5/ Ìwọ tó ní láísẹ́ńsì, má wo Google o: àmì onígun mẹ́ta tí etí ẹ̀ pupa, kí ló ń sọ? Èyí tó rí roboto tí etí ẹ̀ pupa ńkọ́? Ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́, èèwọ̀ ni ìkejì. Eré mélòó lòfin gbà láàárín ìlú? 50 km ní wákàtí kan. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, káàdì lo ní, o ò ní ìmọ̀.

6/ Èmi ń kọ́ ọ ní Yaba báyìí. Lánàá, íńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, danfo ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn mi. Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ojú tì mí níwájú tíṣà ju kí n dúró níwájú òkú.

7/ Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ó ń fàkókò ṣòfò. Àwọn tó yẹ kó dán wa wò gan-an ló ń tà á." Ẹni tó ń tà á jẹ̀bi jù ẹ́ lọ, mo gbà. Kí ìjọba mú kí ìdánwò rọrùn láti ṣe, kó sì ṣòro láti rà. Ṣùgbọ́n tí a ò bá rà á, ta ni wọ́n máa tà á fún?

8/ Ìyá mi ń gbé agbada ẹja sọdá títì lójoojúmọ́. Kò mọ ẹni tó rà, kò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Bíréèkì yín ló gbójú lé.

9/ Tó o bá ti ra tìẹ, kò tíì pẹ́ jù. Wá súkùù, lọ kọ́ ọ. Ẹ bá mi tún un pín, kí àbúrò yín rí i.