Ọ̀rọ̀ Pákó Tó Wọ́: Ẹjọ́ Oòrùn Nìkan Kọ́

Ẹni tó bá gba Mowe àti Ibafo kọjá ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yóò rí i pé ilé tuntun ń yọ bí olú ní agbègbè Ọbáfẹ́mi. Ilé tuntun ń fẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì. Púláíwúùdù tí a lẹ fọ́máíkà mọ́ lójú ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Nígbà mìíràn kì í pẹ́ tí pákó fi ń wọ́, tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò ní pàdé mọ́. Oníbàárà á ní gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́ òun jẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà á ní oòrùn ni. Ní tèmi, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti oòrùn nìkan, ó sì kan àwa tí a wà ní yunifásítì.

Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ohun tí ooru ń mú fẹ̀. Bí ooru bá fi dígírì 40 lé sí i, irin tó gùn ní mítà 1 yóò fi nǹkan bí ìdajì mìlímítà gùn sí i. Alumíníọ́mù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mìlímítà 1 gùn sí i. Bí oníkálukú bá dá wà, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí a bá lẹ̀ wọ́n pọ̀, èyí tó fẹ́ gùn á máa fa èkejì, èkejì á sì máa dá a dúró. Àfi kí àwọn méjèèjì tẹ̀, kí èyí tó gùn bọ́ sẹ́yìn, kí èyí tó kúrú bọ́ sínú.

Stephen Timoshenko gbé ìṣirò irú irin oníran méjì bẹ́ẹ̀ jáde ní 1925. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá nípọn ní mìlímítà 1, ìyàtọ̀ tí kò tó ìdajì mìlímítà yìí yóò mú kí àárín wọn yọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, bí ohunkóhun kò bá dì wọ́n mú. Ọgbọ́n yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù oníná: bó bá gbóná tó, irin oníran méjì inú rẹ̀ á tẹ̀, á sì já iná.

Ti igi yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rinrin ló ń mú igi fẹ̀ ju ooru lọ. Bí oòrùn bá sì fa ọ̀rinrin náà gbẹ, igi á sún kì. Ní ìbú ni èyí pọ̀ sí ju gígùn lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to awẹ́ púláíwúùdù ní dábùú ara wọn, tí iye rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 3, 5 tàbí 7, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè máa fà bákan náà. Bí a bá wá lẹ fọ́máíkà mọ́ ojú kan ṣoṣo, a ti ba ìdọ́gba náà jẹ́. Bí a bá sì fi ìṣó kàn án kó má lè tẹ̀, ìjà kò tán. Inú ló sá sí, ó sì lè ya gọ́ọ̀mù. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́: ohun tí a lẹ̀ mọ́ iwájú, ká lẹ irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹnìkan lè ní owó yóò pọ̀ sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣe lẹ́ẹ̀mejì gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn lè ní èdè Yorùbá kò lè ru irú ìmọ̀ báyìí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí ọmọdé bá gbọ́ ọ, ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà ni kò ní gbọ́?

Àbá mi rèé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá jọ kọ ìwé pélébé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, nítorí ẹni tó ń fá igi lójoojúmọ́ ní ohun tí yóò kọ́ àwa náà. Ìṣirò tí a ṣe yege nínú ìdánwò, tí kò ran ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pàdé, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.