Àbímọ́ Nìkan Ha Tó Bí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbà tí agogo eré bá dún: "A kò bí eré sísá mọ́ mi." Àwa kò lè pe ọ̀rọ̀ náà ní irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹni tí ń sọ ọ́ lónìí ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́la.

Òtítọ́ ni pé àjogúnbá ní ipa tirẹ̀. Eero Mäntyranta, ará Fínlándì, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà 2 nínú eré ìje orí òjò dídì ní Innsbruck ní ọdún 1964. Ní ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àbùdá kan tí ó jogún ni ó mú kí hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ ní àbùdá náà. Síbẹ̀ kò sọ gbogbo wọn di olúborí.

Ní ọdún 1999 ẹ̀wẹ̀, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 481 láti inú ìdílé 98, tí kì í ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀, ni ó fi ọ̀sẹ̀ 20 kọ́ ara wọn lórí kẹ̀kẹ́. Agbára ara wọn láti lo afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i ní gbogbogbòò, ṣùgbọ́n èrè wọn kò dọ́gba: àwọn kan jèrè púpọ̀, àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jèrè rárá. Nǹkan bí ìlàjì ìyàtọ̀ náà ni wọ́n kà sí ti ìdílé.

Kí ni a rí kọ́? Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ irú èyí tí òun jẹ́, àfi ẹni tí ó bá gbìyànjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá ní ọ̀sẹ̀. Èyí kò tó ìdajì wákàtí lójúmọ́.

Nítorí náà, a bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe máa yin ẹni tí ó ṣáájú nìkan lórí pápá. Ẹ jẹ́ kí a kọ àkókò eré olúkúlùkù sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà àti ní ìparí rẹ̀, kí a sì fi í wé ara rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa náà yóò lé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo kúrò lórí pápá kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgọ́ ara.